Ẹ́ńjìnnì tó kú sínú bọ́ọ̀sì wébíìlì: ta ló máa san án?

Aago mẹ́fà àárọ̀ ò tíì lù nígbà tí Bàbá Ìgbókòdá pè mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, àgbà apẹja ni wọ́n, wọn kì í sì í pe èèyàn láàárọ̀ kùtù láìnídìí. Kí n tó gbé fóònù, ọkàn mi ti fò sókè. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé kò sí o?"

Wọn ò dáhùn ìkíni mi. Wọ́n ní, "Lọ́yà, wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì mi."

Ẹni tó bá mọ Ìgbókòdá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò yàtọ̀ sí kí awakọ̀ Bolt kan l'Ékòó pè ẹ́ pé wọ́n ti dáná sun mọ́tò òun. Ìgbókòdá ni ọ̀nà ọ̀dà ti parí fún ọ̀pọ̀ ìlú Ìlàjẹ tó wà létí òkun. Láti ibẹ̀ lọ, omi ni títì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé apẹja lọ sójú agbami, òun ló ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn, òun náà ló ń sáré gbé ẹja wọ ọjà kó tó bàjẹ́. Nílé tiwa, Yamaha la máa ń pe gbogbo wọn, ì báà jẹ́ Suzuki tàbí Mercury ni wọ́n kọ sí i lára.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì Bàbá, 40 họ́ọ̀sì, ní àìsàn kan tí mẹkáníìkì tó wà nítòsí wọn ò rí ìdí rẹ̀. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkó, sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ létí ọ̀sà ní Bàrígà. Onítọ̀hún tún un ṣe, ó gbé e kọ́ ọkọ̀, ó fi dánra wò lójú omi níṣojú ọmọ tí Bàbá rán wá. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ọmọ náà fi fóònù rẹ̀ ka fídíò, ó sanwó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára ọkọ̀, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di gáréèjì. Wọ́n san ₦25,000 fún wébíìlì, wọ́n gba rìsíìtì, wọ́n lọ sílé.

Mọ́tò tí wọ́n gbé e sí jẹ́ irú bọ́ọ̀sì gígùn tí wọ́n ti tú gbogbo ìjókòó rẹ̀ dànù, tí wọ́n fi páànù dí ojú fèrèsé rẹ̀ pa, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan ló kù. Ẹ ti rí i rí. Irú rẹ̀ ló ń kó tẹlifíṣọ̀n, fúláwà, jẹnẹrétọ̀ àti ẹrù tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kiri gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó ń di ẹrù ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yìí ní orí, ó sì ní ẹsẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, wọ́n ti orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí propela wà, lé orí àpò fúláwà. Mo mọ̀ torí pé ọmọ yẹn ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá láti fi hàn pé ẹrù ti wọ mọ́tò. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì pé fọ́tò ẹ̀rí ni.

Bọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ sùn sí gáréèjì fún ọjọ́ mẹ́ta torí ẹrù ò tíì kún. Nígbà tó wá gbéra, ó dẹnukọlẹ̀ l'Ọ́rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ́ńjìnnì tó dé Ìgbókòdá. Bàbá fa okùn rẹ̀, okùn ò fà. Wọ́n tún fà á, ó le gbagidi bíi pé wọ́n fi símẹ́ǹtì dì í nínú. Nígbà tí wọ́n tú pulọ́ọ̀gì rẹ̀, omi pupa bíi tíì ló ń ṣàn jáde.

Òfin ni mo kà ní yunifásítì, mi ò mọ nǹkankan nípa písítìnì. Mẹkáníìkì Bàrígà ló fi mí ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì fi bínú. Ó ní omi ọ̀sà gan-an ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu láti fi tu ara rẹ̀ lára. Pọ́ǹpù kan wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń fa omi gòkè lọ sí orí, tí omi náà á sì tún bá èéfín sọ̀ kalẹ̀ jáde. Bí èèyàn bá pa á, tó yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀, omi ṣì máa ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Kó ṣáà dúró lóòró fún ìgbà díẹ̀, omi náà á ro tán fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé lójú ẹsẹ̀, tí orí wá rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, omi á gba ọ̀nà èéfín padà sínú ibi tí písítìnì ti ń ṣiṣẹ́. Iyọ̀ sì wà nínú omi ọ̀sà. Iyọ̀, omi àti irin, nínú páànù gbígbóná, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án: ta ni ò mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?

Ó ní ti four-stroke tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ́ìlì tó wà nínú ikùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dé ibi tí iná ti ń jó. Àwọn kékeré tí èèyàn lè fọwọ́ gbé, ẹ̀gbẹ́ tí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá sọ pé kí wọ́n fi dùbúlẹ̀ ni kí wọ́n fi dùbúlẹ̀. Ó máa ń wà nínú ìwé rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní àmì lára. Bí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ kejì dùbúlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn wọ ibi tí kò yẹ. Àwọn ńláńlá, kí wọ́n kúkú gbé wọn dúró.

Gbígbé e dúró yẹn gan-an ò le. Pákó líle méjì tí wọ́n dúró gbọin, pákó kan ní ìdábùú lórí wọn, bí ìdí ọkọ̀ ojú omi ṣe rí gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì kọ́, tí wọ́n á fún skúrù méjèèjì tó fi ń di ìdí ọkọ̀ mú. Propela ò ní kanlẹ̀. Wọ́n á de ìdí pákó náà mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, wọ́n á sì fi okùn fa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì mọ́ ara bọ́ọ̀sì. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì 40 họ́ọ̀sì lé ní kílò 70. Bí dírẹ́bà bá já bírékì lójijì ní ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, tí wọn ò so mọ́ nǹkankan, òòlù ni. Ó lè wó tẹlifíṣọ̀n ẹni ẹlẹ́ni, ó sì lè já wọ iwájú lọ bá dírẹ́bà.

Iyọ̀ ọ̀sà tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ńkọ́? Omi tó mọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ dànù kí wọ́n tó gbé e pamọ́ tàbí kó tó rìnrìn àjò. Ẹ wá kíyè sí èyí o: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì yìí lórí ilẹ̀ láìsí omi tó ń wọ inú rẹ̀. Rọ́bà inú pọ́ǹpù yẹn, omi ló ń jẹ́ kó yí wọ́ọ́rọ́. Tí kò bá sí omi, kì í pẹ́ tó fi ń jóná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí, torí ẹ̀bi tiwa náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì yẹn dánra wò ní Bàrígà, ọmọ tí Bàbá rán wá ra bẹntiróò sínú táńkì pupa kékeré tó máa ń bá a rìn. Wọ́n lò díẹ̀, ó ṣẹ́ku bíi lítà mẹ́wàá. Lítà mẹ́wàá bẹntiróò lóde òní, ta ló fẹ́ dà á nù? Ọmọ náà fi táńkì náà sínú àpò, ó dè é mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kò sọ nǹkankan fún ẹnikẹ́ni ní gáréèjì. Skúrù kékeré kan wà lórí ìdérí irú táńkì yẹn tí wọ́n ń ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo. Ó gbàgbé láti ti í. Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kó sí kòtò, tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni bẹntiróò ń kán sílẹ̀. Ó fi páànù sílẹ̀, ó wọ àpò fúláwà.

Fúláwà yẹn kì í ṣe tiwa, kì í sì í ṣe ti gáréèjì. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Ìgbókòdá ló ni ín, àpò mẹ́fà. Búrẹ́dì wo lẹ fẹ́ fi fúláwà olóòórùn bẹntiróò ṣe?

Ìyẹn gan-an ṣì kéré. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì náà ní Ìgbókòdá, ọmọkùnrin tó fẹ́ gun inú rẹ̀ láti já ẹrù ní sìgá tó ń jó lẹ́nu. Òórùn ló lé e sẹ́yìn. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sì sá jìnnà kó tó ju sìgá náà nù. Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe é lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Mo fẹ́ kí ẹ lóye ohun tó wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, torí ọ̀pọ̀ wa rò pé bẹntiróò tó ṣeé rí nìkan ló ń jó. Nínú ooru ilẹ̀ wa, gbogbo ìgbà ni atẹ́gùn tí ojú ò rí ń jáde lára bẹntiróò. Atẹ́gùn yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í gòkè lọ bí èéfín ìdáná; ilẹ̀ ló ń rá sí, ó ń wá kọ̀rọ̀ tó rẹlẹ̀ jù lọ láti ba sí. Tó bá ti tó nǹkan bíi 1.4% nínú afẹ́fẹ́ ibì kan, ó ti tó láti gbiná. Àárín 1.4% yìí sí bíi 7.6% ni iná ti ń mú un. Kò nílò kó kún gbogbo inú mọ́tò rárá. Ìṣáná nìkan kọ́ ló sì lè tàn án. Swíìṣì gílóòbù inú mọ́tò lè ṣe é, wáyà bátìrì tó ń jó síra lè ṣe é, irin tó ha irin lè ṣe é. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi páànù dí pátápátá, níbo ni atẹ́gùn yìí máa gbà jáde?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé tí ẹnì kan bá fẹ́ sọ kíkó irú ẹ́ńjìnnì yìí di iṣẹ́, kó lu ihò atẹ́gùn sára mọ́tò rẹ̀, díẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí bẹntiróò ń rá sí, díẹ̀ lókè kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá. Kó má gba táńkì tí epo wà nínú rẹ̀ sínú ilé páànù rárá. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ náà, kí wọ́n ti yọ rọ́bà epo kúrò, kí wọ́n sì ro gbogbo èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ dànù. Skúrù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti pariwo títí lórí kíkó bẹntiróò sínú kẹ́ẹ̀gì rìnrìn àjò, pàápàá nígbà ọ̀wọ́n epo. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń wá. Ta ló ń ronú pé ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ kẹ́ẹ̀gì?

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí rìsíìtì.

Mo lọ sí gáréèjì náà fúnra mi. Mánijà ò bínú, ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní omi. Lẹ́yìn náà ló yí rìsíìtì padà, ó nàka sí ohun tí wọ́n fi lẹ́tà wínńtín-wínńtín tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀: "All goods are carried at owner's risk." Pé ohunkóhun tó bá ṣe ẹrù, orí ẹni tó ni ín ló dà lé. Ó ní, "Bárísítà, ẹ̀yin lẹ kàwé. Kí lẹ fẹ́ kí n tún sọ?"

Irú gbólóhùn yẹn wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ rìsíìtì wébíìlì tí ẹ̀yin tó ń ka èyí ti gbà rí. Àwa náà ti gbà á gbọ́. Mo ní ọ̀rẹ́ tí wọ́n fọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀ láàárín Èkó sí Ìbàdàn, ó ka ẹ̀yìn rìsíìtì, ó mí kanlẹ̀, ó lọ sílé. Lọ́yà sì ni òun náà o!

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó dá gáréèjì kankan sílẹ̀ l'Ékòó. Tí mo bá gbé nǹkan mi lé ẹ lọ́wọ́, tí o gbà á pé wàá dá a padà tàbí pé wàá gbé e fún ẹni tí mo ní kó o gbé e fún, bailment nìyẹn. O gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́ àìbìkítà, ẹni tó pe ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹnìkejì ò bìkítà. Ti bailment yàtọ̀. Kí n ṣáà ti fi hàn pé pípé ni mo gbé e fún ẹ, bíbàjẹ́ lo sì dá a padà, ọ̀rọ̀ ti kàn ẹ́ nìyẹn. Ìwọ ni wàá ṣàlàyé fún adájọ́ pé kì í ṣe àìbìkítà tìẹ ló fà á. Ẹ rí bí fídíò ìṣẹ́jú kan tí ọmọ yẹn kà ní Bàrígà ṣe wúlò? Ẹ rí fọ́tò yẹn náà?

Gbólóhùn ẹ̀yìn rìsíìtì wá ńkọ́? Àkọ́kọ́ ná, ìgbà wo lo fi hàn mí? Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin nílẹ̀ yìí mọ̀, Olley àti Marlborough Court, ọdún 1949, nílùú Ọba. Obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀ dé sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sanwó nísàlẹ̀, wọ́n gòkè lọ sí yàrá. Inú yàrá ni ìkìlọ̀ wà pé òtẹ́ẹ̀lì ò ní san ohun tó bá sọnù. Olè wọlé, ó jí aṣọ onírun obìnrin náà. Kóòtù ní ìkìlọ̀ yẹn ti pẹ́ jù, torí ìsàlẹ̀ ni àdéhùn ti parí kí wọ́n tó fojú kàn án. Ní gáréèjì tiwa, ẹ sọ fún mi: ṣé kí wọ́n tó gbowó ni wọ́n ń fún yín ní rìsíìtì, àbí lẹ́yìn náà?

Mi ò ní parọ́ fún yín ṣá. Bí ẹ bá ti fi gáréèjì kan ṣọ̀nà ẹrù fún ọdún márùn-ún, tí ẹ ti gba irú rìsíìtì yẹn lógún ìgbà, lọ́yà tiwọn lè sọ pé ẹ ti mọ ohun tó wà níbẹ̀ tipẹ́, kóòtù sì lè gbọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni òfin ọdún 2018, èyí tó dá FCCPC sílẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà, ti wá wúlò. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá gba ohun ìní oníbàárà láti fi ṣiṣẹ́ fún un gbọ́dọ̀ dá a padà, ó kéré tán, bó ṣe wà nígbà tó gbà á. Ó sì sọ pé gbólóhùn tó bá ń dín ẹ̀tọ́ oníbàárà kù, a gbọ́dọ̀ pe àkíyèsí rẹ̀ sí i lọ́nà tó hàn gbangba. Lẹ́tà tó kéré ju kòkòrò lọ lẹ́yìn ìwé, ṣé gbangba nìyẹn?

Báyìí ni mo ṣe sọ̀rọ̀ níwájú mánijà, mo sì ń gbádùn ara mi. Ó jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, "Ó dáa. Bẹntiróò ńkọ́?"

Mo dákẹ́.

Torí òfin kan náà ló dá mi lẹ́kun. Ẹni tó bá gbé ohun eléwu fún ọlọ́kọ̀ láti gbé gbọ́dọ̀ sọ fún un. Bí kò bá sọ, tí ohun náà ba mọ́tò tàbí ẹrù ẹlòmíràn jẹ́, òun ló máa dáhùn. Ká ní bọ́ọ̀sì yẹn jóná l'Ọ́rẹ̀, a ò ní máa sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́. Bàbá ni gáréèjì máa pè lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà á sì nira fún mi láti rò. Àwọn gáréèjì náà ò mọ́ níbẹ̀: wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróò sínú páànù, wọn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá epo wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé wọn ò béèrè kò ní ká má sọ.

A jókòó pa pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Bàbá wà lórí fóònù láti Ìgbókòdá, ìyá oníbúrẹ́dì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́hùn-ún. Ìyá náà ni kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, òun ló sì kéré jù lóhùn. Bàbá gbà láti san owó fúláwà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, láìjiyàn. Nínú ₦460,000 tí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì máa ná wọn, gáréèjì gbà láti san ₦300,000, lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mánijà ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo ní mo fọkàn tán an. Ìdí tí mo fi fẹ́ ìwé nìyí: kóòtù ẹ̀sùn kékeré tí Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, wọ́n fẹ́ kó parí láàárín 60 ọjọ́, kò sì pọn dandan kéèyàn gba lọ́yà. Ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. "Wọ́n ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́, kí wọ́n gbà mí" ò wọ ibẹ̀. "Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn jẹ mí ní ₦300,000" wọ ibẹ̀ dáadáa. Ìwé pélébé kan ló wà láàárín gbólóhùn méjèèjì.

Wọ́n ti san ìdajì. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san ìdajì kejì ti kọjá lọ́sẹ̀ méjì nígbà tí mò ń kọ èyí, mo sì ti kọ lẹ́tà sí wọn.

Nǹkan kan wà tó ń ya mí lẹ́nu. Ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó ti jà títí lórí ta ló ni omi. NIWA ní tòun ni, LASWA ní tòun ni, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, èyí tó dájọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé NIWA ló láṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé tí ọkọ̀ ń gbà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ń gbọ́ ìkìlọ̀ nípa jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó, nípa ẹrù àpọ̀jù, nípa rírìn lóru. Gbogbo rẹ̀ ṣe kókó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kúrò lójú omi tó gun orí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jà dù ú mọ́. Láàárín Bàrígà sí Ìgbókòdá, ó dọmọ òrukàn, ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń di ẹrù ló kù sí. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní gbogbo ìdúró lè ṣe é ní òfin gáréèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé ẹ́ńjìnnì tí wọn ò ro epo rẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n dí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan á ra pákó tí wọ́n fi máa gbé e dúró, ó tún máa ṣẹ́kù.

Àwọn apẹja náà ní ohun tiwọn, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ bíi pé wọn ò gbọ́n. Àwọn ajalèlókun máa ń dá wọn lọ́nà lójú omi, ẹ́ńjìnnì sì ni ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Bí o bá fi tìẹ sílẹ̀ létí omi mọ́jú, o lè jí kó o má bá a. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń kó o pa mọ́ sínú kọ̀ńténà tí wọ́n fi àgádágodo mẹ́ta tì, tí àwọn mìíràn sì ń gbé e wọ yàrá tí ìyàwó àti ọmọ ń sùn sí, òun àti táńkì rẹ̀. Ẹni tí olè ti mú mílíọ̀nù mélòó kan lọ mọ́ lọ́wọ́ rí, ṣé wàá sọ fún un pé kó fi ẹ́ńjìnnì síta? Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ nípa bọ́ọ̀sì wà bẹ́ẹ̀ fún yàrá. Ilẹ̀ ni atẹ́gùn bẹntiróò ń rá sí, ilẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ẹ̀fọn alábẹ́là àti sítóòfù sí. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ro epo rẹ̀ gbẹ lè wọlé. Táńkì ò gbọdọ̀ wọlé. Olè tó bá jí lítà mẹ́wàá bẹntiróò lọ, kó máa gbé e lọ.

Bàbá Ìgbókòdá pè mí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ọ̀sán ni lọ́tẹ̀ yìí, ohùn wọn sì já gaara. Wọ́n ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, wọ́n ti gbé e lọ sójú omi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ti fi pákó ọkọ̀ àtijọ́ kan ṣe ìdúró fún un, pé tí mo bá wá fún ọdún, kí n wá wò ó nínú yàrá, ó dúró ṣinṣin bíi sójà. Inú mi dùn. Mo kí wọn kú iṣẹ́.

Mo wá ní, "Bàbá, táńkì ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Táńkì? Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Mo ní kí wọ́n má pa fóònù. Mo ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n gbé e jáde nísinsìnyí, kí n máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn.